Ẹ̀kọ́ Èdè fún Ìyá Aláago

"Ọ̀dẹ̀ ni mí."

Bàbá Ìbejì gbé ẹnu sún mọ́ fóònù, ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ ọwọ́. "Ọ̀... dẹ̀... ni... mí." Ó fi ohùn náà ránṣẹ́, ó wá jókòó lé àpótí ẹrù tó kọ̀ tí kò pa dé, ó ń retí èsì.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn gbígbẹ, ohùn ẹni tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni: "Ọdẹ ni mi?"

"Rárá o!" Ó tún tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. "Ẹ rẹ ohùn yín wálẹ̀, Mà. Ó ti ga jù. Ọ̀dẹ̀. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́? Ọ̀dẹ̀ ni mí. Ọ̀dẹ̀ ni mí."

Èdè ilẹ̀ àjèjì ló fi ń ṣàlàyé; gbólóhùn kékeré yẹn nìkan ló jẹ́ tiwa. Ìyàwó ẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, omi àlùbọ́sà ń dà lójú ẹ̀.

"Ta ló ń bú yín, Bàbá Ìbejì?"

"Ta ló máa bú mi?"

"Mo ti gé àlùbọ́sà tán, ọkùnrin kan ò sì yéé pariwo nínú yàrá mi pé ọ̀dẹ̀ ni òun. Mo ní bóyá ooru irin ìlọṣọ ti dé ọpọlọ."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Aláago ni mò ń kọ́. Ó fẹ́ sọ èdè wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dágbére fún mi. Mo sọ fún un pé ohun tó túmọ̀ sí ni 'mo mọyì rẹ.'"

Ìyá Ìbejì gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Yéè! Ọkùnrin yìí fẹ́ pa mí."

Ìyá Aláago kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀gá ibi ìfọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí tọkọtaya yìí ti ń ṣiṣẹ́: ọkọ ń lọ aṣọ, ìyàwó ń ká aṣọ. Bí o bá kí obìnrin náà pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ọrùn ọwọ́ kó tó dáhùn. Bí o bá fẹ́ lọ tọ̀, yóò wo aago nígbà tí o ń lọ, yóò tún wò ó nígbà tí o bá dé. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé bí ikú bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀, yóò ní kó padà wá lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán.

Bàbá Ìbejì sì ń padà sílé pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Òun ló máa ṣáájú lọ tún ilé ṣe. Ìyàwó àtàwọn ọmọ yóò tẹ̀lé e tí àwọn ọmọ bá ti ṣe ìdánwò tán. Ìyẹn ni pé Ìyá Ìbejì ṣì máa ká aṣọ lábẹ́ Ìyá Aláago fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ọkọ bá ti lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

"Ẹ̀yin á wọ bàálù," ni obìnrin náà wí, "ẹ̀yin á délé, ẹ máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Èmi ni obìnrin yẹn máa kù mọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá wá mọ ìtumọ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un?"

"Fóònù ni! Àwọn ọmọ yín gan-an ń fi fóònù túmọ̀ èdè. Tó bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìgbélùú mi ti lọ nìyẹn, ìdánwò àwọn ọmọ náà ti lọ. Wọ́n ní eérú ń tọ ẹni tó dà á. Eléyìí tí ẹ fẹ́ dà yìí, ojú tèmi ló ń bọ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́. Kiní kan ṣì wà níbẹ̀. Òun ò tiẹ̀ rí i pè. Ọdẹ ló ń pe ara ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń pe ara yín ní ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀."

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

"Ṣé o ti gbàgbé ohun tí obìnrin yẹn fi ojú mi rí ni?"

"N ò gbàgbé," ni ìyàwó ẹ̀ dáhùn, ó sì mú ọ̀bẹ ẹ̀, ó padà sídìí ìkòkò.

Ta ló lè gbàgbé? Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é láti ilé pé ara ìyá àwọn ò yá, pé orúkọ ẹ̀ ni ìyá ń pè tọ̀sán tòru. Ó lọ bá Ìyá Aláago pé kó fún òun láàyè kí òun lọ rí ìyá òun. Díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Obìnrin náà wo aago. Ó ní àlejò kún hòtẹ́ẹ̀lì, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá ò dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú ìyá ẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, ó jókòó lórí òkìtì táwẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pósí sọ̀ sínú ihò ni nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Aláago ni. "Ìṣẹ́jú mélòó lo ti lò níbí?" Ó ti fóònù bọ àpò, ó dìde. Inú àpò ṣòkòtò ló ti gbọ́ ìró yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dà lé ìyá tó bí i lórí. Ó ń gbọ́ ọ lọ títí ó fi dé ìdí irin, ó mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Bàbá Ìbejì kì í ṣe ìkà ènìyàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ọ̀nà ẹ̀san, kò rí. Ó rò ó pé kí òun fi irin jó ẹ̀wù àlejò pàtàkì kan kí wọ́n bá ọ̀gá wí. Ó rántí pé àlejò ò ṣẹ òun. Ó rò ó pé kí òun sọ òkò ọ̀rọ̀ lù ú lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ. Àfi bí obìnrin náà ṣe fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sídìí irin tó ní, "Gbogbo ọdún yìí, n ò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè rẹ. Kọ́ mi ní nǹkan kan tó dára tí màá sọ níwájú gbogbo ènìyàn." Ńṣe ló dà bí ìgbà tí adìẹ bá fúnra ẹ̀ rìn wọ ilé ìdáná. Bàbá Ìbejì ní Ọlọ́run mi ò sùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ń lọ. Ìyá Aláago ò fi ṣeré, bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ló ṣe ń ṣe é. Ẹ ó rí i tó ń kọjá láàárín àwọn ẹ̀rọ, tí ẹnu ẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọdẹ ni mi. Ọdẹ ni mi." Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn awakọ̀ tó ń kó aṣọ àtàwọn méjì tó ń nu ilẹ̀, ti mọ ohun tó ń lọ. Awakọ̀ náà ni tiẹ̀ burú jù, aláwàdà tí ẹnu ẹ̀ kì í gbófo ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdẹ lẹ fẹ́ kó jẹ́ ni àbí ọ̀dẹ̀?"

"Ọ̀dẹ̀ ni."

"Ẹ ò tíì kọ́ ọ dáadáa nìyẹn. Bó ṣe wà yìí, ìbọn ló kù ká rà fún un."

Bàbá Ìbejì á tún pe obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀dẹ̀ ni mí, Mà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀dẹ̀ ni mí. Á sọ ọ́ sínú ariwo ẹ̀rọ, á sọ ọ́ sínú fóònù, á sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó yá, bó bá dákẹ́ gan-an, ohùn ara ẹ̀ ló ń gbọ́ létí. Ìyá Ìbejì ò bá a sọ ọ́ mọ́. Ó kàn ń bá a di ẹrù ni, ó ń ká ṣòkòtò ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí ẹni ń ká ti àlejò tí kò mọ̀ rí.

Ọjọ́ ìdágbére pé. Yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n pé sí, kéèkì wà níbẹ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀. Ìyá Aláago wọ ẹ̀wù pupa kan tí ẹnikẹ́ni ò rí lọ́rùn ẹ̀ rí. Ó dìde, ó fọwọ́ lé àyà, ó wo Bàbá Ìbejì lójú.

"Ọdẹ ni mi!"

"Ẹran wo lẹ wá pa?" ni awakọ̀ kígbe látẹ̀yìn.

Ló bá di ẹ̀rín. Àwọn tó gbọ́ èdè di ògiri mú, àwọn tí kò gbọ́ ọ ń bá wọn rẹ́rìn-ín torí ẹ̀rín ń ran ni. Ìyá Aláago rí i pé inú gbogbo ènìyàn ń dùn, ojú ẹ̀ là. Ó tún un sọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ọdẹ ni mi! Ọdẹ ni mi!"

Inú ẹ̀ dùn. Ohun tó bí Bàbá Ìbejì nínú gan-an nìyẹn. Ṣé ohun tí òun fi ọdún mẹ́ta gbé sínú nìyí? Obìnrin náà gba oyè ọdẹ tán, ó ń yọ̀, òun tó ń kọ́ ọ ló wá pe ara ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀ títí ẹnu fi bó. Ó wo apá ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín. Ó mú bébà ìnuwọ́ kan, ó ń ká a sí méjì, ó ń ká a sí mẹ́rin, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá ń bà á.

"Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?" ni Ìyá Aláago bi í, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Bàbá Ìbejì gbé ife kalẹ̀. Èdè wọn ló fi dáhùn, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Rárá, Mà. Ohun tí ẹ sọ ni pé ẹ máa ń pa ẹran nínú igbó. Èmi kọ́ ni mo kọ́ yín ní ìyẹn. Ohun tí mo kọ́ yín ni 'òmùgọ̀ ni mí.' Èmi nìkan ni mo dá a ṣe. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí, n ò gbà. Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa fìyà jẹ, èmi rèé."

Ẹ̀rín gé lẹ́nu gbogbo wọn.

"O fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Lójú àwọn òṣìṣẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Bàbá Ìbejì wo ojú ẹ̀ dáadáa, bóyá yóò rí àgálámàṣà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Obìnrin yìí ń béèrè ni lóòótọ́. Kò mọ̀! Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ti mọ òwe náà láti kékeré, òní ló fojú kàn án.

"Ìyá mi ń kú lọ," ó ní. "Mo wá bẹ̀ yín kí n lè lọ rí i. Ẹ wo aago, ẹ ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín, ẹ bá mi nínú yàrá aṣọ ìdọ̀tí, ẹ bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo ti lò. Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó lọ́wọ́ nígbà yẹn."

"N ò... N ò rántí."

"Èmi rántí."

Ìyá Ìbejì ti dìde. Ìyá Ìbejì kan náà tí ẹ̀rù ń bà! Bébà ìnuwọ́ ti bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. "Èmi ni mo bá a lọ ìyókù aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí omijé ò jẹ́ kó ríran. Tí ẹ bá fẹ́ lé mi torí pé mo rántí, ẹ lé mi."

Ìyá Aláago yíjú sí Bàbá Ìbejì. "Mo bá ọ kẹ́dùn," ó sọ ọ́ ní èdè tiẹ̀, kíákíá, bí ẹni fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀.

"Rárá, Mà," ni Bàbá Ìbejì wí. "Ẹ ní kí n kọ́ yín ní nǹkan tó dára nínú èdè wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín báyìí. Kò sí ẹ̀tàn nínú eléyìí, ẹ wo ojú àwọn tó gbọ́ ọ." Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ kú àsẹ̀yìndè."

Awakọ̀ ṣí fìlà lórí. Kò sẹ́ni tó ń fi kíkí yẹn ṣàwàdà láàárín wa. Ọmọ tí òbí ẹ̀ lọ ni à ń kí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbẹ̀ ló ti kí i nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó yẹ kó kí i jù ló kù.

"E ku... ase..."

"Àsẹ̀yìndè. Ẹ rẹ ohùn yín wálẹ̀, Mà. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Kò sí èyí tó gòkè níbẹ̀."

"E ku aseyin..."

Agogo ìpadà-sẹ́nu-iṣẹ́ dún. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, wọ́n tún jókòó. Ojú Ìyá Aláago ti ń lọ sọ́rùn ọwọ́ bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Ẹ má wo aago, Mà."

Obìnrin náà fi ọwọ́ náà pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé. Ó gbé ojú sókè, ojú náà sì pọ́n. "Ẹ kú aseyinde," ó ní, jẹ́jẹ́.

Èsì ẹ̀ gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun Bàbá Ìbejì fúnra ẹ̀: ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ gbà á. Ó ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Ó ṣì ga," ó ní. "Ẹ tún un sọ."