Ọjọ́ Tí Sefefo Rìn Jẹ́jẹ́

Lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ọkọ ni ìyá ọkọ mi ti sọ mí ní 'Malineo, ìyẹn Ìyá Lineo, nígbà tí n kò tíì mọ̀ bóyá mo máa bí ọmọ kankan. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn ní òkè wa: orúkọ ọmọ ló ń ṣáájú, ọmọ á wá bá a níbẹ̀. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá a. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seabata ló jẹ́ kó bá a, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ní gbogbo agbègbè Semonkong, kò sẹ́ni tó mọ ẹṣin gùn bíi Seabata. Bí wọ́n bá ń sáré ẹṣin níbi àjọ̀dún ọjọ́ ìbí ọba ní oṣù Keje, ipò kejì ni àwọn tó kù ń du. Ife ẹ̀yẹ kún orí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ débi pé àwo kò ríbi jókòó. Ẹṣin rẹ̀, dúdú kan báyìí tó ń dán, ń jẹ́ Sefefo, ìyẹn ìjì. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kí èèyàn. Tó bá kọjá lára àwa obìnrin létí omi, iwájú ló ń wò, àfi bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. A pè é ní agbéraga, a sì rò pé kò sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn tó o lábúlé.

A kò mọ nǹkan kan. Òun ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá gba ife, ara òun á yá gágá títí àwọn èrò á fi túká. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti tán nìyẹn. Òun á wá ẹlòmíràn tí òun máa borí, òun á borí rẹ̀, ibi tí òun wà náà ni òun á ṣì wà. Ó ní bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi ló rí.

Oyún Lineo ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà tí òjò dídì bo gbogbo òkè lọ́dún yẹn. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ kùsà ní Gúúsù Áfíríkà. Ọkọ̀ kankan kò lè gòkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ìyá ọkọ mi ti gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ lábúlé wa, àyà rẹ̀ kì í sì í já bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó da kúbùsù bora, ó sì bọ́ síta.

Ọ̀dọ̀ Seabata ló lọ. Ó bá a níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun Sefefo, torí àjọ̀dún ọba ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Seabata, ìyàwó wa ń ṣẹ̀jẹ̀. Agbára mi kò ká a.”

Seabata wo ẹsẹ̀ ẹṣin, ó wo òkè. Ẹṣin tó ń múra eré kì í rìn lórí yìnyín. Tó bá yọ̀, iṣan rẹ̀ lè já. Ìyá ní òun ti ń to èébú tí òun máa bú u tó bá kọ̀. Kò kọ̀. Gàárì ló lọ gbé.

Wọ́n fi kúbùsù dì mí bí ẹrù, wọ́n gbé mi sórí Sefefo, ó di ilé ìwòsàn nísàlẹ̀ òkè. Mo rò pé Seabata á jókòó sẹ́yìn mi ká máa sáré lọ, ṣùgbọ́n ó ní eré á pa mí. Ó di ìjánu mú, ó bọ́ síwájú, ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò dídì tó mù ún dé orúnkún. Ẹṣin yẹn kò mọ ìrìn. Ó fẹ́ sáré, ara rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Seabata ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìsinmi, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìrora ti jẹ́ kí n gbàgbé ìtìjú. Mo pè é ní Ntate, ìyẹn Bàbá, bí a ti ń pe ọkùnrin níbí, mo ní, “Ntate Seabata, ṣé ẹṣin tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ nìyí? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá mi yára jù ú lọ.”

Kò bojú wẹ̀yìn. “Ẹ rọra sọ ọ́, Ìyá Lineo. Tó bá gbọ́, á fẹ́ fi hàn yín.”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn mí dé ìbàdí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ kó ṣàwàdà nìyẹn.

Níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́ sí odò, omi ti dì mọ́lẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Sefefo fi pátákò kan kàn án, ó yọ̀, ló bá kọ̀, kò lọ mọ́. Seabata dúró díẹ̀. Ó tú kúbùsù ọrùn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbi ìdíje, ó tẹ́ ẹ sórí yìnyín. Ẹṣin tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó ká a, ó tún lọ tẹ́ ẹ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí a fi dé ìsàlẹ̀, òun nìkan pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́lẹ́ nínú òtútù yẹn, tí kúbùsù náà fi di àkísà.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí. Lineo dé nírọ̀lẹ́, ó pọ́n bí ata, ó ń bínú.

Seabata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, ó ń fi koríko gbígbẹ nu ẹsẹ̀ ẹṣin. Nọ́ọ̀sì pè é wọlé, ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ kó tó ríbi sá. Ó dúró gbọnin. Ó béèrè ohun tí a ń pe ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n.

Mo ní, “Lineo ni. Ẹ̀bùn.”

Ó tún orúkọ náà pè sínú, ó sì ń wo ọmọ títí nọ́ọ̀sì fi ní kó jọ̀ọ́, kó dá a padà.

Sefefo tiro wálé. Dókítà ẹran ní iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fà, kò gbọdọ̀ sáré lọ́dún yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Thaba-Tseka ló gba ife. Gbogbo abúlé ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà Seabata, bí ẹni ń kọjá nílé ọ̀fọ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé fún Kérésìmesì, a fa àgùntàn kan lọ dúpẹ́. Ọkọ mi ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì nítorí ẹṣin. Seabata dá a dúró.

“Ẹ gbọ́ ná,” ó ní. “Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ife fún ọmọkùnrin Thaba-Tseka yẹn, mo jókòó, mo ń retí kó dùn mí. Mo retí títí, kò dùn mí. Bí Lineo ṣe wúwo lọ́wọ́ mi ni mò ń rántí. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń bá ayọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì tán. Èmi ló yẹ kí n fa àgùntàn wá fún yín.”

Ọkọ mi ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó tètè fà á wá, ká lè ní méjì.

Ọ̀kan náà la pa, gbogbo àdúgbò sì jẹ níbẹ̀.

Sefefo yá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kí n má purọ́, Seabata kò fi eré ẹṣin sílẹ̀. Ó ń borí, wọ́n sì ń borí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ ká mọ èwo ló ṣẹlẹ̀ tó bá ń darí bọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò dídì bá ti bẹ̀rẹ̀, á gun òkè lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, á kó oògùn lọ fún àwọn arúgbó, á gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ti ń kí wa létí omi báyìí, ó tilẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu ìkíni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba iwájú ilé wa, ó ń fa ìjánu, ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ẹṣin tó ń bá a jà pé ìrìn náà ń dun òun nídìí. Mo gbé tíì fún wọn. Ìyá mu tirẹ̀, ó ní ṣúgà kò tó. Seabata bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi yà lẹ́yìn àpáta. Mo dúpẹ́ nítorí ọmọ mi, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dúpẹ́ nítorí ọkùnrin yẹn náà, pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọlé lọ fọ kọ́ọ̀pù.