Àwòrán Ambrose Nínú Aṣọ Ọba

Kò sí ẹni tó ń lọ wo eré ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà tí kò mọ Ambrose Thirkell, ọkọ mi. Tó bá ti yọjú sórí ìtàgé báyìí, ẹ̀rín ti sọ. Ọ̀mùtí ló máa ń ṣe, tàbí ìránṣẹ́ ọ̀lẹ. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó jẹ́ kó ṣe ọba rí.

Nígbà tí Lavinia Pell, ayàwòrán tí gbogbo ìlú ń wárí fún, ní òun fẹ́ yà á, Ambrose ní: "Ọba ni kí ẹ yà mí o, Màdáámù. Ẹ má fi ife ọtí sí mi lọ́wọ́."

"Irú ọba wo?"

"Èyí tó ń bínú."

Ó wọ aṣọ àrán pupa, ó fajú ro. Lavinia yà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwòrán náà síta fún aráàlú, a jọ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó dé iwájú rẹ̀ wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ẹ̀rín ti gba gbogbo yàrá. Ọkùnrin kan di ikùn mú: "Ẹ wo kábíyèsí! Àfi bíi pé ológbò ti gbé ẹran rẹ̀ lọ!"

Ambrose fẹ́ sá jáde. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Dorcas, fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́, inú wọn ló ń dùn. Tó bá ká yín lára, ẹ lọ bá wọn wí!"

Ó lọ lóòótọ́. Ó dúró sábẹ́ àwòrán náà, ó fajú ro, ó nàka sí wọn: "Ẹ̀yin aláìnítìjú! Ọba ni mí!" Lójú ẹsẹ̀, òun àti ti ara ògiri di ìbejì. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè dìde mọ́. Ambrose yíjú wo ara rẹ̀ nínú àwòrán náà. Ètè rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, lòun náà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, ẹ pa mí! Ẹ ò tiẹ̀ kìlọ̀ fún mi!"

"Ẹnu wo ni ǹ bá fi kìlọ̀?" ni Lavinia dáhùn. "Mo ti gé ètè mi jẹ tán kí n má baà rẹ́rìn-ín."

Alákòóso ilé eré wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbé eré tuntun jáde, nípa ọba kan tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù láàfin, ó sì fi Ambrose ṣe ọba náà. Èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí ọba jókòó ti ajá rẹ̀ tó kú, ó ń bá a sọ̀rọ̀, gbogbo ilé dákẹ́ lọ wẹ́lo.

Mo bá a lẹ́yìn ìtàgé, ó ń jẹ búrẹ́dì, ojú rẹ̀ ń dán.

"Dorcas," ó ní, "ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́?"