Ojú-ìwé Tí Feleti Tì Pa

Kọ̀, kọ̀, kọ̀, láìdúró: ìró igi àwọn obìnrin Vavaʻu, ní Tonga, tí ń lu èèpo igi di aṣọ láàárọ̀, nígbà tí Feleti wà lọ́mọdé. Ọgọ́ta ọdún ti kọjá. Ní Logan tó ń gbé báyìí, ní Australia, ìró mọ́tò ló ń jí i.

Ṣùgbọ́n kò sí àyè ìrántí lónìí. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, ilé-ẹ̀kọ́ tí Feleti ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè yóò pa àyè tí wọ́n fún un rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú gbogbo àwòrán, fídíò àti àlàyé tó fi ọdún méjì kó jọ nípa aṣọ náà. Abúlé rẹ̀ sì ń retí iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ọmọ. Feleti tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó ṣí i. Ojú-ìwé mẹ́sàn-án péré ló bá. Ìkẹwàá, tó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà, kò sí.

"Èyí tí o tì pa ńkọ́?" Kalolaine ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ohun téèyàn bá tì pa kì í bá wọn jáde."

Feleti dorí mú. Vaioleti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló wà nínú fídíò ojú-ìwé náà, tó ń lu aṣọ, tó sì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dápàárá nípa ọkùnrin. Lọ́dọ̀ wa ní Tonga, èèyàn kì í jókòó gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu arábìnrin rẹ̀. Ọmọ Vaioleti ló fi fídíò náà ránṣẹ́. Feleti gbé e síbẹ̀ láìwò ó, ó sì tì í pa kí ojú rẹ̀ má baà ṣèèṣì bọ́ sí i.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ṣí i, Bàbá Losa!"

"Kí n wò ó kẹ̀?"

"Ó dáa, kọjú sógiri. Di etí ẹ pẹ̀lú. Arúgbó tó ń sá fẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ̀!"

Ó kọjú sógiri, ó kìka bọ etí. Kalolaine ṣí ojú-ìwé náà, ó kó o jáde, ó wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu tábìlì. Feleti náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ògiri, láìmọ ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tó yíjú padà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti pé. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí abúlé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọdún méjì ló fi ń pè é ní iṣẹ́ òun. Aláàárù kọ́ ló ni ẹrù. Ó wá nọ́ńbà tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi Vaioleti, iṣẹ́ yín ti kúrò nílé-ìwé, ó pé. Mi ò wò ó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ sọ ẹni tí ká fún. Kalolaine ò tíì rẹ́rìn-ín tán o."