Ẹni Tó Kàn

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé iṣẹ́ kì í pani, kó wá ṣe nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ kan péré, ká jọ wo ojú ẹ̀. Mo ní kó wá!

Àwa méjì la máa ń wà ní yàrá tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí aláìsàn tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Kíákíá là ń pe èkejì mi, torí kó o tó ṣẹ́jú, ó ti yanjú èèyàn mẹ́ta. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kẹ́rù jáde, tó ní òun ò fẹ́ ìyàwó tí kì í sí nílé, tó bá sì wà nílé, oorun ló ń sùn, kì í wojú ẹnikẹ́ni mọ́. Apá èèyàn ló ń wò. Ó tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún ìyá ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àìsàn nílé. Èyí tí mò ń gbọ́ níbi iṣẹ́ ti tó." Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín la jọ fi rín.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èrò pọ̀ débi pé kò sí ibi téèyàn máa fẹsẹ̀ sí.

"Ẹni tó kàn!"

Ìyá kan tó fi ìbòmú bo ẹnu wọlé, ó jókòó. Kíákíá gba káàdì ẹ̀, kò wò ó, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ń wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá.

"Màmá, kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá náà rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòmú, ariwo èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn ẹ̀. "Orí ń fọ́ mi. Ojú mi ń ṣú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti tán látoṣù tó kọjá."

"Háà! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ẹ ò lọ́mọ nílé ni?"

"Mo lọ́mọ."

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ dá sí i látibi tí mo ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́: "Irú ọmọ burúkú wo nìyẹn?"

Ẹ̀rọ dún. Kíákíá figbe ta. "Yéè! Ó ti lé ní igba!" Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ìyá ẹ̀ ló rí lókè ìbòmú yẹn. Ìyá tó bí i!

Mo gbé! Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Mọ́mì? Ilé kan náà la ti jí láàárọ̀ yìí! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ìyá fa ìbòmú wálẹ̀. Kò bínú rárá. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún wa.

"Má bínú, ọmọ mi. Nílé, ó máa ń rẹ̀ ọ́. Ibí lo ti máa ń dá èèyàn lóhùn."

Èmi ni mo sáré pe dókítà. Dókítà ní ká ní ìyá dúró dìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti kọjá oògùn. A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, a fún un lábẹ́rẹ́. Ìyá wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, lọ dá àwọn èèyàn yẹn lóhùn. Wọ́n ti ń dúró tipẹ́."

Kíákíá ò lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ìyá ẹ̀ mú, omi ń dà lójú ẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ àìsàn, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo ẹ̀."