Nọ́ńbà Ìyá Nùréènì

Òfin kan tí Hassanat kọ sínú kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́ kí ìyá Nùréènì rí ojú ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Hassanat kò lọ yunifásítì. Níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìkẹjà ló ti fi fóònù kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ òfin fún kọ̀ǹpútà, kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike l'Ágége tó gbà á. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, òpó kan, àwọn àpótí tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, wà fún nọ́ńbà ẹbí. Àpótí ẹnì kan lè gba nọ́ńbà mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n tò tẹ̀léra. Ìdọ̀tí pọ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn kọ nọ́ńbà láàbọ̀, ẹlòmíràn kọ "ẹ pe bùọ̀dá mi".

"Ọ̀gá ńlá ní kó mọ́ kílẹ̀ tó ṣú," ni Ọ̀gbẹ́ni Shuaib, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wí.

"Ti ẹgbẹ̀rin èèyàn? Ẹ máa bá mi tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, sà."

"Èmi tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà?"

Hassanat rẹ́rìn-ín, ó kọ òfin rẹ̀: nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, tó sì pé mọ́kànlá, kó dúró, ohunkóhun tó bá yàtọ̀, kí "kò sí" rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ ogún àpótí àkọ́kọ́ wò. Wọ́n mọ́. Ó wá pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lò.

Lọ́sẹ̀ kẹta, irin já lára ẹ̀rọ, ó bá Nùréènì, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ, lórí. Kò dé ọsibítù tó fi kú. Fóònù rẹ̀ fọ́ sí i lápò. Hassanat ṣí àpótí nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà Dàwódù, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀: kò sí.

"Àǹtí, èmi ò ní nọ́ńbà màmá," ni Dàwódù wí nígbà tó dé. "Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà. Ẹ̀yin lẹ ní in. Ojú mi ló ṣe dà á kọ látinú fóònù ẹ̀, 234 ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òdo."

Hassanat rántí òfin rẹ̀. Lẹ́mọ́mù ní àwọn kò lè dúró kọjá ìrun Aláásárì. Hassanat jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wá ẹ̀dà tó pa rẹ́. Kò rí i. Wọ́n kírun sí òkú lára, wọ́n sì sin ín.

Ọjọ́ kẹrin ni Dàwódù tó rí ọmọ ìlú wọn kan tó mọ ilé. Nígbà tí ìyá dé, Hassanat kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ìyá kò bú u. Ó béèrè pé, "Ta ló rí ojú ẹ̀?"

"Dàwódù ni, mà."

"Dàwódù kọ́ ló bí i. Ẹ lè ti sin ọmọ ọlọ́mọ."

Ó di oṣù kẹjọ báyìí. Ìyá kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ níbẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ló ń jókòó sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde, yóò dìde, yóò máa wo ojú ọkùnrin kọ̀ọ̀kan.