Ọmọ Tó Ń Pe Ìyá Rẹ̀ Ní Tata

"Ta nìyí?" Tata Títílọpẹ́, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, tún bi ọmọ náà, ó sì na ìka sí Ràúdátù.

Máímúnátù tẹ̀ lé ìka náà pẹ̀lú ojú. Ó wo ìyá rẹ̀ láti orí gèlè títí dé bàtà, ó yọ àtàǹpàkò lẹ́nu.

"Tata," ni ó wí.

"Èmi ni Tata. Èyí tó mú ẹ wá ni mò ń bi ẹ́. Ta ni?"

"Tata."

Ní Tchaourou, àǹtí ni wọ́n ń pè ní Tata, kì í ṣe ìyá; àwọn òbí tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sórí itan ní, "Ìyàwó ilé ò sí mọ́ ní Tchaourou, gbogbo wọn ti di Tata."

Ràúdátù náà rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, wọn á rí ohun tó wà lójú rẹ̀.

"Madame, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i ni?" olùkọ́ náà béèrè. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ọ̀dọ́bìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Èmi ni mo bí i. Wọ́n là mí nínú kó tó jáde. Alùpùpù ni wọ́n fi gbé mi dé ibi tí wọ́n ti là mí, òjò sì ń rọ̀ sí mi lára títí a fi débẹ̀."

Tata Títílọpẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àwòrán màlúù kan han ọmọ náà. Máímúnátù tẹ orí sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Nagge."

"Ẹ ò rí i! Ó mọ̀ ọ́n. Èdè wo nìyẹn?"

"Èdè Fúlàní. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló ti gbọ́ ọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ yín dákẹ́ o. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní èdè kan, kò ní pẹ́ kó tó mú èkejì. Tiyín ni kẹ́ ẹ fi kún un. Bí ẹ bá ń wẹ̀ fún un, ẹ dárúkọ apá, ẹ dárúkọ orúnkún. Bí ẹ bá ń ránṣọ, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi méjì dá a lóhùn." Ó mú bírò. "Kí ni ẹ máa ń pè é nílé?"

Ràúdátù na ìka sí ìwé tó wà níwájú olùkọ́.

"Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn," ó ní.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ínná, ìyá ọkọ Ràúdátù, ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Máímúnátù já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sáré. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ ti ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo láti inú àpò tó ya, ó ń nawọ́ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ń ṣàpèjúwe ìwo màlúù sórí ara rẹ̀. Ínná ń dá a lóhùn, ó ń bi í, ó ń ṣe háà. Ràúdátù ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì, bí ẹni tí wọ́n háyà láti ru ẹrù.

Fúlàní ìlú Bétérou ni Ínná. Yorùbá Nàgó kan tó ń ra màlúù ló fẹ́ ẹ wá sí Tchaourou. Ọkọ náà ti kú, ṣùgbọ́n kò sí ìwà kan nínú ìwà ilé baba rẹ̀ tí Ínná gbàgbé. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ Máímúnátù lórúkọ, ó jókòó ti Ràúdátù lórí ẹní.

"Ìyàwó mi," ó ní, "lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Kì í bá a ṣeré níwájú èèyàn. Ìtìjú ni. Bó o bá bí èkejì, ṣe é bó o ṣe fẹ́. Àkọ́bí, tiwa ni."

Ràúdátù gbà. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé ọmọbìnrin tó bá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kì í nítìjú, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé irọ́ ni. Bó bá ń fún ọmọ lọ́mú, á kọjú sí ògiri. Bí ọmọ bá ké, á dúró kí ẹlòmíràn gbé e. Wọ́n yìn ín títí. Fàrídá tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é ní Tata, àwọn oníbàárà ń pè é ní Tata, ọmọ náà sì gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń pè é bẹ́ẹ̀. Oyún kejì bàjẹ́ nínú oṣù kẹrin. Kò tíì sí òmíràn.

Ní báyìí, Ínná fẹ́ padà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Bétérou bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, kó sì mú Máímúnátù lọ. Mùfútáù, ọkọ Ràúdátù, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti fọwọ́ sí i.

"Ọmọ ti mọ́ wọn lára," ó ní bó ti ń pọ́n abọ́ lá. "Kí ló fẹ́ máa ṣe lọ́dọ̀ rẹ? Ṣé ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ni?"

Kò sọ ọ́ kó dùn ún. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn ún. Ní ọjọ́ kejì ni Ràúdátù gbé ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, torí ọmọ tó bá ti wọ ilé-ìwé ní Tchaourou, ta ni yóò tún kó o lọ sí Bétérou?

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Ínná jókòó lábẹ́ igi kajú inú àgbàlá. Máímúnátù gun itan rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọrùn rẹ̀, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

"Kí ni àwọn onílé-ìwé wí, ìyàwó mi?"

Ràúdátù wo ọwọ́ kékeré náà lọ́rùn obìnrin mìíràn.

"Wọ́n ní èdè Fúlàní ló di ahọ́n rẹ̀ mú," ó ní. "Wọ́n ní kí ẹ má sọ ọ́ sí i mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lè kàwé."

Ínná kò jiyàn. Kò rí ilé-ìwé rí, ohun tí ilé-ìwé bá sọ, bí oògùn dókítà ló ń gbà á.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Àti orin?"

"Àti orin, Ínná."

Láti ìgbà náà ni ilé ti pa rọ́rọ́. Ínná gbìyànjú Yorùbá. "Wá jẹun," á wí. "Jókòó. Ó tó." Máímúnátù á wò ó lẹ́nu, á máa retí pé ọ̀rọ̀ gidi ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò ní sí nǹkan tó máa tẹ̀ lé e.

"Yorùbá tèmi, ti ọjà àti ti àgbà ni," Ínná sọ fún Ràúdátù. "Èló ni, ó wọ́n jù, gbé e wá. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn sọ fún ọmọ?"

Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀ fún ọmọ náà, ọ̀rọ̀ kan yọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ndiyam," ó ní, ó da omi sí i léjìká. Máímúnátù rẹ́rìn-ín. Láti ìdí ààrò, Ràúdátù ké gbàjarè: "Ínná! Ẹ rántí o!" Ínná fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Owú Ràúdátù kò sinmi. Ó rò pé bí ẹnu Ínná bá ti pa, ọmọ á yíjú sí òun. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ Ínná náà ni Máímúnátù ń lọ jókòó sí, àwọn méjèèjì á dákẹ́ pọ̀ lábẹ́ igi kajú, inú á sì bí Ràúdátù sí ìdákẹ́jẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí inú ṣe ń bí i sí ọ̀rọ̀ wọn.

Kí ilé-ìwé tó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó rántí ìmọ̀ràn olùkọ́. Ó gbé àlùmọ́gàjí sókè.

"Àlùmọ́gàjí nìyí," ó ní. "A fi ń gé aṣọ. Ó mú."

Fàrídá gbójú lórí ẹ̀rọ. "Tata, ṣé ẹ fẹ́ tà á fún un ni? Ẹ dá iye lé e."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kó o kọjú sí apá tó ò ń rán."

Ṣùgbọ́n Fàrídá kò purọ́. Ohùn Ràúdátù dà bíi ti ẹni tó ń kéde ní ibùdókọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó jáde. Máímúnátù wo àlùmọ́gàjí náà díẹ̀, ó padà sídìí àkísà rẹ̀. Èdè Fúlàní, èdè Yorùbá, kò sọ ìkankan mọ́. Ó gé Fàrídá jẹ lọ́wọ́. Ó ń tọ̀ sórí ẹní, ẹni tó ti jáwọ́ ńbẹ̀ tipẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, Ràúdátù ń wá àwòrán ọrùn aṣọ tí oníbàárà kan fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìka rẹ̀ ṣèèṣì tẹ ọ̀rọ̀ ohùn àtijọ́ kan tí Mùfútáù fi ránṣẹ́ sí i. Ohùn Ínná gba ṣọ́ọ̀bù náà kan, ó ń kọrin fún màlúù kan ní Bétérou, màlúù náà sì ń ké.

Máímúnátù fò dìde láàárín àkísà. Ó sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú lórí itan ìyá rẹ̀, ó fẹnu mọ́ ọn. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gan-an, kíákíá, ní ohùn ìsàlẹ̀, ó dúró kó gba èsì, ó tún sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ràúdátù gbọ́: Tata.

Obìnrin Fúlàní kan tó wà lórí àga, tó ń dúró de aṣọ rẹ̀, na ọrùn.

"Kí ló ń wí?" Ràúdátù bi í.

"Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ, ẹ ò gbọ́?"

"Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún mi."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ọmọ. "Ó ní kí Ínná rọra máa sọ̀rọ̀. Ó ní Tata ò ní gbọ́."

Ràúdátù jókòó bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí. Lẹ́yìn náà ó sọ fún Fàrídá pé kó ti ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà bá ti gba aṣọ rẹ̀ tán. Ó pọn ọmọ lọ sílé ní ojú oòrùn.

Ó bá Ínná nínú yàrá, níwájú báàgì ńlá kan tó ti kún dé ọrùn.

"Mò ń lọ lọ́la," Ínná ní. "Mo ti sọ fún Onímọ́tò." Bó ṣe máa ń pe Mùfútáù nìyẹn. Ràúdátù ti rò tipẹ́ pé ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù náà yangàn ni. "Ọmọ á dúró tì yín, nítorí ilé-ìwé. Kí ni mo jókòó ṣe? Mo ń wò ó, ó ń wò mí, bí ẹran méjì."

Ohun tí Ràúdátù fẹ́ gan-an nìyẹn: ọmọ dúró, Ínná lọ. Bó bá dákẹ́ lálẹ́ yìí nìkan, ó parí. Ó sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Máímúnátù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ fara ti báàgì náà.

"Ínná, ilé-ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọwọ́ Ínná dúró lórí aṣọ tó ń ká. "Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni. Wọ́n ní kí ẹ má dákẹ́. Èmi ni mo yí i."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ó ń pè mí ní Tata."

Ínná jókòó sórí ibùsùn. Ohùn rẹ̀ le.

"O gba ẹnu mi lọ́wọ́ mi. Àní orin."

"Ẹ dárí jì mí."

"Má tíì bẹ̀ mí, inú ṣì ń bí mi." Ó fa aṣọ náà mọ́ra. "Ṣé o mọ̀ pé mi ò pe Onímọ́tò lórúkọ rí? Àkọ́bí mi ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, mi ò pè é rí. Ìyá ọkọ mi ló ń pè é, tí mo ń gbọ́ láti inú ilé ìdáná. Mo kórìíra obìnrin náà, Ọlọ́run mọ̀. Gbogbo ohun tí mi ò sọ fún ọmọ mi ni mo gbé kalẹ̀ síbì kan. Nígbà tí tìrẹ dé, mo lọ gbé e wá. Mi ò bi ọ́ bóyá ìwọ náà ń gbé tìrẹ kalẹ̀."

Ó gbójú sókè. "Pè é."

"Níwájú yín?"

"Níwájú mi."

Ràúdátù kọjú sí ọmọ. "Máímúnátù," ó ní.

Ọmọ náà yíjú, kì í ṣe sí i, sí Ínná. Ó sọ nǹkan kan.

"Ó ní Tata ń pe òun," Ínná ní.

Owú tún gún Ràúdátù láyà níbi tó máa ń gún un, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò.

"Ìwọ ni wọ́n pè, kì í ṣe èmi," Ínná sọ fún ọmọ náà ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní èdè Fúlàní, gígùn, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Máímúnátù gbọ́ ọ dé òpin. Ó rìn wá, ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó ń retí.

Ràúdátù kò mọ ohun tó kàn. Ó ti pè é, ó ti dé. Ó wo yàrá náà yíká, kò rí nǹkan mìíràn ju báàgì lọ. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Ìborùn rèé," ó ní, ó gbé e sórí ibùsùn. "Ìborùn Ínná. Tẹ̀súbáà rèé. Tẹ̀súbáà Ínná, ó gùn. Igbá rèé, igbá tí Ínná fi ń gbé wàrà. À ń tú ẹrù Ínná. Ínná ò lọ mọ́."

Ínná kò wí pé òun ń lọ, kò sì wí pé òun ò lọ. Ó gba ìborùn náà, ó fi lé èjìká.

Máímúnátù tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàgì. Ó na apá wọ inú rẹ̀ dé èjìká, ó fa bàtà rọ́bà kan jáde, ó gbé e sókè síwájú ojú Ràúdátù.

"Tata," ó ní, "èyí ńkọ́?"