Ta Ni Yóò Wọn Ẹ̀yìn Télọ̀?

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ márùn-ún tí Ọ̀pá-Àsíá télọ̀ yóò gbé báàgì padà sí ṣọ́ọ̀bù Má-Fọwọ́-Kàn-Án, inú sì ń bí i débi pé ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ bá jà. Ó tì í, kò ṣí. Ó fi èjìká gbún un, kò mira. Àṣé fífà ni wọ́n ń fà á.

“Màdáámù,” ó ní, ó sì ju báàgì náà sórí káńtà bí ẹni ju òkú ẹran, “ẹ gba nǹkan yín.”

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ń ta báàgì ìrìn àjò láti ogún ọdún, ariwo tó máa ń pa mọ́ àwọn tó ń fa síìpù láìbéèrè ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó wo báàgì, ó wo Ọ̀pá-Àsíá láti ẹsẹ̀ títí dé orí, ìrìn yẹn sì jìn díẹ̀, nítorí ọkùnrin náà ga.

“Kí ló tún ṣe é, bọ̀ọ̀dá?”

“Ó ń fà mí sẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó mú olè. Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀.”

Obìnrin náà na ìka sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri: A KÌ Í PÀÀRỌ̀ JU Ẹ̀Ẹ̀MEJÌ LỌ.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀pá-Àsíá ti jẹ ẹ̀ẹ̀mejì tirẹ̀ tán. Lọ́jọ́ Ajé ló ra báàgì onítáyà, ó ní kí ló dé tí èèyàn yóò máa ru ohun tí táyà lè fà. Kó tó dé ilé, òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà ti há sínú táyà méjèèjì, orí ló fi ru báàgì onítáyà wọlé, àwọn aládùúgbò sì ń kí i kú iṣẹ́. Lọ́jọ́rú ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ńlá kan tó jẹ́ pé òkè nìkan ló lẹ́nu. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ mú nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo dúkìá rẹ̀ ló kó sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Lọ́jọ́bọ̀ ó pààrọ̀ ìyẹn sí èyí tó ń ṣí níwájú bí àpótí, tó ní bẹ́líìtì ìbàdí, tó ní àpò ọ̀tún àti tòsì. Ó ní èyí ni. Èyí kọ́.

“Bẹ́líìtì yìí, ibo ló ń jókòó sí lára yín?” ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án bi í.

“Itan.”

“Itan kẹ̀! Egungun ìbàdí ni í jókòó lé, kí ìbàdí lè ru ẹrù, kí èjìká sinmi. Ẹ̀yìn báàgì yìí ló gùn jù fún yín. Ṣé ẹ rántí pé mo ní kí n wọ̀n yín lọ́jọ́ Ajé? Kí lẹ sọ?”

Ọ̀pá-Àsíá rántí. Ó ti gbé ọwọ́ sókè bí ọba, ó ní, “Ta ni yóò wọn télọ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi téèpù kọ́ ọrùn.” Ó lọ sílé, ó wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀ níwájú dígí, láti egungun ọrùn dé ìbàdí, ó ka ogún ínṣì, ogún ínṣì ló sì ń bèèrè látọjọ́ náà. Ó tún rántí báàgì pupa kékeré tí obìnrin náà kọ́kọ́ nà sí i. Ó rẹ́rìn-ín sí i ni. “Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí?”

“Pupa yẹn ńkọ́?” ó béèrè báyìí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Wọ́n ti rà á látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹyọ kan ló sì kù nígbà náà.”

Ọ̀pá-Àsíá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ó fa ilẹ̀kùn. Àṣé títì ni wọ́n ń tì í láti inú.

Kì bá má bínú tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Láti ìgbà tí Ọ̀pá-Àsíá ti wà lọ́mọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí fún un pé àwọn méjèèjì yóò fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè lọ wo òkun. Ọ̀pá-Àsíá ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún báyìí nídìí máṣínnì, kò tí ì fojú rí òkun. Òwúrọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wọn dé ìsàlẹ̀ òkè, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìrìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó ní lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní, kí àbúrò òun ru báàgì tó kún, kí ó gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí àbúrò náà ń gbé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láìjókòó. Òun náà yóò ru tòun. Bó bá jókòó pẹ́rẹ́n, Sájẹ́ńtì ni yóò tẹ̀ lé òun.

Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ni Sájẹ́ńtì, àjà kejì ilé kan náà ló ń gbé. Ó ti nu bàtà rẹ̀ dán láti ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó di agogo márùn-ún, Sájẹ́ńtì ti dúró sórí àjà kẹrin pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ìyàwó Ọ̀pá-Àsíá, tó ń bá a gán aṣọ nílé, wà lẹ́nu ọ̀nà wọn lájà kẹta, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti gbé báàgì ọkọ rẹ̀, kò lè gbé e.

“Olówó orí mi, kí ló wúwo tó báyìí níbẹ̀?”

“Ohun tó pọn dandan ni.”

Ẹ̀gbọ́n bá wọlé. Obìnrin kúkúrú, tó dúró gbọn-in. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni báàgì pupa kékeré.

Ọ̀pá-Àsíá dá a mọ̀, ó sì fa okùn báàgì tirẹ̀ le. Ẹni tó ti fi nǹkan rẹ́rìn-ín kò ní ojú tí yóò fi tọrọ rẹ̀.

Wọ́n gun ti àkọ́kọ́. Wọ́n gun ìkejì. Bẹ́líìtì ń gbá a nítan, okùn ń rẹ́ ẹ léjìká, orí báàgì sì ń kàn án ní ìpàkọ́ bí olùkọ́ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Nígbà tí wọ́n gun ìkẹta dé àjà kẹta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó fara ti ògiri.

“Ó fẹ́ jókòó o!” Sájẹ́ńtì pariwo látòkè.

“Mi ò jókòó! Mo fara tì í ni!”

Ìgbà náà ló gbọ́ ìkérora lẹ́yìn rẹ̀. Òun kọ́ ló ń kérora. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di irin àtẹ̀gùn mú, òógùn bò ó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?”

“Báàgì yìí ń pa mí,” ló ní, bí ẹni tí wọ́n fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Àyà ni bẹ́líìtì rẹ̀ há mọ́. Obìnrin yẹn ní òun fẹ́ wọ̀n mí, mo ní ọmọ mélòó ni mo ti wọ̀n láyé kí ó tó fẹ́ wọn èmi.”

Ìyàwó kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ níbi tó ti fara ti ògiri.

“Ínṣì mẹ́tàdínlógún.”

“Irọ́! Ogún ni! Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n!”

“Báwo lẹ ṣe rí nọ́ńbà? Ẹ tẹ̀ba, ẹ na ọrùn síwájú dígí, àbí? Ẹ̀yìn ẹni tó tẹ̀ba ló ń gùn. Kì í ṣe ẹ̀yìn lẹ fi ga, olówó orí mi. Ẹsẹ̀ ni.” Ó yí sí ẹ̀gbọ́n. “Ẹ dákun, mà.” Ó wọn ẹ̀yìn tirẹ̀ náà. “Ogún ínṣì géérégé.”

Ẹ̀gbọ́n tú bẹ́líìtì tó há mọ́ ọn láyà.

“Bọ́ ọ,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ìdúró ni wọ́n ti pààrọ̀ báàgì. Bẹ́líìtì pupa jókòó lórí egungun ìbàdí Ọ̀pá-Àsíá, èjìká rẹ̀ sì fúyẹ́ lójijì. Wọ́n gun àjà tó kù.

“Magomágo ni!” ni Sájẹ́ńtì wí. “Wọ́n pààrọ̀ ẹrù!”

“Ìjókòó ni mo kọ̀,” ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ta ló jókòó?” Ó gbọn báàgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Àmọ́ kí ni irin tó ń gún mi yìí?” Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fa síìpù, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù ló fà yọ.

“Ìwọ! Lórí òkè?”

“Télọ̀ ni mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè wọ ṣòkòtò tó rún.”

Ẹ̀gbọ́n na áyọ́ọ̀nù náà sí Sájẹ́ńtì. “Gbà, Sájẹ́ńtì. Tìẹ nìyẹn.” Sájẹ́ńtì gbà á, ó ń wo bàtà rẹ̀ tó ń dán.

Lówúrọ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin, ṣòkòtò Ọ̀pá-Àsíá rún bí ìwé tí ewúrẹ́ tu sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ní kò sí títún ẹrù dì: ohun tó wà nínú báàgì pupa, ibẹ̀ ni kó wà. Ìkòkò ẹ̀gbọ́n ni, àti ìdérí rẹ̀, tó ń ró gbangan ní gbogbo ìgbà tí Ọ̀pá-Àsíá bá gbẹ́sẹ̀.

“Ṣé ó bá ọ mu?” ẹ̀gbọ́n bi í.

“Ó bá mi mu,” ó dáhùn tìbínútìbínú. “Ṣùgbọ́n ìkòkò yìí, ẹ̀gbọ́n mi, ó wúwo ju áyọ́ọ̀nù lọ!”

“Ọdún méjì lo fi wà lẹ́yìn mi,” ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń gun ọkọ̀. “O sì máa ń pariwo jù ú lọ. Wọlé.”